Bí Háídrójìn Ṣe Ń Mú Kí Irin Líle Kán

Ní oṣù kẹta ọdún 2013, lórí afárá tuntun tó lọ láti San Francisco sí Oakland ní Amẹ́ríkà, wọ́n de ọ̀pá irin 96 pinpin. Àwọn ọ̀pá náà gba ìfà tí dídè yẹn mú bá wọn láìṣe nǹkan kan. Kó tó di ìparí oṣù yẹn, 32 nínú wọn ti kán, bẹ́ẹ̀ ìfà tó wà lára wọn ò tó èyí tó yẹ kó já wọn. Háídrójìn, ìyẹn gáàsì kan tó fúyẹ́ gan-an, ló wà nídìí ẹ̀.

Nínú afẹ́fẹ́, méjì-méjì ni átọ́ọ̀mù háídrójìn (ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ) máa ń so pọ̀, bí wọ́n bá sì so pọ̀ báyẹn, kì í rọrùn fún wọn láti wọnú irin. Èyí tó dá wà ló ń wọlé, torí ó kéré gan-an. Irin máa ń pàdé rẹ̀ nínú ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ìpẹtà, níbi tí wọ́n ti ń fi iná mànàmáná da síńkì bò ó, àti níbi tí wẹ́dà ti ń fi ẹ̀lẹ́kítíródù (ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀) tó ti fa ọ̀rinrin jó o. Àwọn ọ̀pá afárá yẹn ti wà fún ọdún mélòó kan nínú ihò tí omi ń dúró sí.

Lọ́dún 1875 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Johnson ti ròyìn ohun tí háídrójìn ń ṣe fún irin fún Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nílùú London. Ó ri irin sínú ásíìdì fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Irin tó lè tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń kán bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó fi omi kan ojú ibi tó kán, ó ń hó! Háídrójìn ló ń jáde yẹn. Mo fẹ́ràn àyẹ̀wò yìí gan-an, torí ojú lásán ló fi rí i.

Bí háídrójìn bá ti wọlé, ó ń rìn láàárín àwọn átọ́ọ̀mù irin, ibi tí ìfà ti pọ̀ jù ló sì ń kóra jọ sí: ìsàlẹ̀ eyín bóòtù, tàbí ẹnu ibi tó ti sán díẹ̀. Irin tí kò ní in máa ń nà kó tó já. Eléyìí ò ní nà. Ńṣe ni ibi tó sán á máa gùn sí i nínú, títí tí ìyókù ò fi ní lè gbé ẹrù mọ́. Ìrìn yẹn ló ń gba àkókò, òun ló fà á tí irin fi lè yege lónìí kó kán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Irin tó le jù ló sì ń bá jà jù. Irin rírọ̀ máa ń rọ́jú gbà á.

Fún bóòtù tí wọ́n da síńkì bò, wọ́n máa ń yan án nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 200°C fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí háídrójìn lè jáde. Kíákíá ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó dè é, torí bó bá ti sán, ooru ààrò ò lè so ó pọ̀ mọ́.