Ìgbà Tí Ẹ̀ṣọ́ Igbó Fi Ń Dáná Sun Pápá

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, nítorí pé nínú gbogbo iṣẹ́ tí ẹ̀ṣọ́ igbó ń ṣe, kò sí èyí tí àwọn ará ìlú ṣì gbọ́ tó o. Bí wọ́n bá rí wa tí a gbé ìbọn kọ́ èjìká, wọ́n á ní iṣẹ́ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí wa tí a ń fi ọwọ́ ara wa dáná sun pápá tí ìjọba ní kí a máa ṣọ́, wọ́n á pè wá ní ọ̀dàlẹ̀.

Ẹ wo ọgbà ẹranko Old Oyo, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú-lóòró, tí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀dàn ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Nígbà tí òjò bá fi máa dáwọ́ dúró, koríko ti ga ju ènìyàn lọ, ọyẹ́ yóò sì gbẹ ẹ́ láti òkè dé ìdí. Iná yóò wọ ibẹ̀ dandan: ọdẹ tó ń lé ọ̀yà yóò dá a, darandaran tó ń wá koríko tútù yóò dá a, iná oko yóò sì ré ààlà kọjá. Ohun kan ṣoṣo tó kù sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ni kí ó yan ìgbà tí yóò jó.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ àdánwò Olókemejì, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1929, nínú igbó ọba tó wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta: wọ́n ń sun ọ̀kan bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n ń sun èkejì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, wọn kò sì jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta. Kí ó tó pé ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀kẹta ti ń di igbó, èkejì sì ti di koríko tí igi rẹ̀ kò tó nǹkan. Àwọn kan máa ń di ẹ̀kẹta yẹn mú, wọ́n á ní kí iná má kan ọgbà rárá. Mo sọ ọ́ láìfi bò pé ẹni tó bá fi ilẹ̀ kékeré tí a lè ro yí ká wé gbogbo ọgbà Old Oyo kò tíì lo ọyẹ́ kan nínú pápá.

Bí a bá dáná ní oṣù Kọkànlá, ìdí koríko ṣì tutù, iná á rọra rìn nílẹ̀, á jó ibì kan, á sì fo ibì kan tí ẹtu àti àgbọ̀nrín lè sá sí. Ṣùgbọ́n iná oṣù Kẹta a máa gun igi lọ sókè, ní àkókò gan-an tí igi emi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí ń rúwé, igi kéékèèké kì í sì í yè é. Mo rí i rí. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, owó epo ọkọ̀ kò dé títí ọdún fi yí, a kò ro ojú iná, ìyẹn ọ̀nà tí a ń ro kí iná má baà ré kọjá, a kò sì sun ohunkóhun. Ní oṣù Kejì, majálá ń bọ́ sórí oúnjẹ àwọn ará abúlé, ọjọ́ mẹ́ta ni a sì fi ń fi ewé tútù lu iná tí kò gbọ́ tiwa.

Alága ti fi ọwọ́ hàn mí pé àkókò ti ń lọ. Ní kúkúrú: títú tákùté àti okùn pańpẹ́, kíka ipasẹ̀ létí odò, kíkọ ohun gbogbo tí a rí sínú ìwé lójoojúmọ́, gbogbo èyí náà jẹ́ iṣẹ́ wa.

Ibí ni bàbá ọlọ́dẹ kan ti dìde, tó ní, “Ẹ ń ka oṣù. Bí òjò bá pẹ́ kí ó tó lọ ńkọ́?” Mo ní, “Bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ, oṣù kọ́ ni a ń wò.” A máa ń di koríko mú ní ìdí: bí orí rẹ̀ bá ń kán tí ìdí rẹ̀ ṣì ń tẹ̀, ó ti tó sun. A ó wá dán ibì kékeré kan wò ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìrì òru bá pa á, a ó máa bá iṣẹ́ lọ. Bàbá ní ohun tí baba òun náà ń ṣe nìyẹn, ó sì béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí a bá mú wọn nìkan ni a ń bá ọdẹ sọ̀rọ̀.

Mo pa ìwé mi dé. Gbogbo àkókò tó kù ni a fi jọ sọ̀rọ̀ lórí bí ẹ̀ṣọ́, ọdẹ àti darandaran yóò ṣe máa jókòó pọ̀ ní oṣù Kẹwàá, kí òjò tó dá, láti fi ẹnu kò lórí ibi tí a ó kọ́kọ́ sun àti ibi tí iná kò gbọ́dọ̀ dé.