Ẹ Ro Ti Ẹni Tó Ń Kírun Lóòrùn

Alihamudu lilahi. Ẹ jẹ́ n tètè débi tó ń dùn mí.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ní mọ́sálásí kan nílùú Ìlọrin wa yìí, bàbá arúgbó kan forí kanlẹ̀ ní sújúdù, bó ṣe ń dìde, ló bá ṣubú lulẹ̀ níta. Wọ́n bomi lé e lórí, ó jí, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ṣubú sí gan-an ni igi dóńgóyárò ńlá wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé e, wọ́n to ìntalọ́ọ̀kì síbẹ̀ kí iwájú mọ́sálásí lè dán. Àárọ̀ ni ìntalọ́ọ̀kì ti ń gba oòrùn sára, ọ̀sán ló ń dá a padà sí wa níwájú orí.

Àbú Dárù (R.A.), ọ̀kan lára àwọn alábàárìn Ànábì, sọ pé àwọn wà nírìn-àjò pẹ̀lú Ànábì (S.A.W.). Ládàánì dìde, ó fẹ́ pèrun Àílà, ìrun ọ̀sán. Ànábì ní, "Jẹ́ kó tutù." Ó jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún dìde. "Jẹ́ kó tutù." Wọ́n ń dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi rí òjìji àwọn òkìtì ilẹ̀. Ànábì wá ní ooru tó mú gan-an, èémí Jàhánámà ni. Hádíìsì yìí wà nínú ìwé Bùhárì àti ìwé Músílíímù. (Àílà ló sọ, ti Jímọ̀, ẹnu àwọn onímímọ̀ ò kò lé e.) Ẹ wo bí àánú ará ìjọ ṣe ká a lára tó!

Ẹ̀yin àáfà wa, ẹ má bínú: abẹ́ fáànù lẹ wà tẹ́ ẹ fi ń fa kútúbà, ìwàásù Jímọ̀, gùn. Ànábì ní kútúbà kúkúrú wà lára àmì pé ẹ̀sìn yé èèyàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ pàṣẹ gígé igi ńkọ́? Ẹni tó yàgbẹ́ síbi ìbòji táwọn èèyàn ń sinmi sí, Ànábì kà á mọ́ àwọn tó ń fa èpè sọ́rùn ara wọn. Ẹni tó wá hú ìbòji ọ̀hún tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kí ni ká pè é? Ẹ dé Mẹ̀dínà, ẹ ya fọ́tò lábẹ́ àwọn agboòrùn ńláńlá tí wọ́n nà bo àwọn tó ń kírun níta ní mọ́sálásí Ànábì. Ẹ délé, ẹ gé igi!

Ẹni tó bá fẹ́ ra kápẹ́ẹ̀tì mìíràn fún inú, kó kọ́kọ́ ra kánópì fún ìta. Bójò bá dé, ká gbin dóńgóyárò méjì. Ní ti òní, ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, ẹ bọ́ síta, ẹ gbé ẹní yín dání, káwọn bàbá wọlé.