Ọjọ́ Wo Ni Ìṣirò Ti Bẹ̀rẹ̀?

Ohun tí mo bá àwọn èèyàn sọ n'Ìbàdàn lórí dídìde sí ìjọba ni mo kọ sílẹ̀ yìí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀.

Orúkọ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá dìde sí ìjọba, tí wọ́n fìdí rẹmi, ọ̀tẹ̀ là ń pè é. Bí wọ́n bá borí, ó di ìyípadà, a tún lè máa fi àyájọ́ rẹ̀ gba ìsinmi.

Àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ yìí tó gbóná jù lójú tèmi bẹ̀rẹ̀ ní 1790, nígbà tí Edmund Burke, aṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé tako bí àwọn ará Faransé ṣe dìde sí ọba wọn. Ẹ má rò pé agbèjà ọba lásán ni. Òun kan náà ló ti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwọn àti Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí wọ́n wó ilé nítorí pé òrùlé ń jò. Ó ní ìlú jẹ́ àjọṣe àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àtàwọn tí a ò tíì bí. Ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún Yorùbá? Ó tún ní bí gbogbo ètò bá dàrú tán, ọ̀gágun kan tí àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn ni yóò di ọ̀gá gbogbo wọn. Ní 1799, Napoleon dé.

Thomas Paine, òǹkọ̀wé tó gbè sẹ́yìn àwọn tó dìde, fèsì ní 1791. Ó ní Burke ń káàánú ìyẹ́, ó gbàgbé ẹyẹ tó ń kú lọ. Ní ti oyè àjogúnbá, ó ní aṣòfin àjogúnbá kò yàtọ̀ sí onímọ̀ ìṣirò àjogúnbá. Ibí yìí ni gbogbo ilé ti rẹ́rìn-ín. Ìlú tí èèyàn ti ń gun oyè láti Mọ́gàjí títí dé Olúbàdàn ni wọ́n ti wá. Paine ì bá rílé gbé ní Ọjà'ba. Àmọ́ nígbà tó dé Faransé, tó ní kí wọ́n má pa ọba, àtìmọ́lé ni wọ́n jù ú sí ní 1793, díẹ̀ ló kù kí wọ́n bẹ́ ẹ lórí.

Ní tèmi, ibi tí àwọn méjèèjì ti yapa ni ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbèsè. Ọjọ́ tí wọ́n já wọ ààfin ni Burke ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ebi kọ́kọ́ wọ ilé àgbẹ̀ ni Paine ti bẹ̀rẹ̀. (Hannah Arendt, onímọ̀ nípa ìṣèlú, ní 1963, ní ètò tó lè dúró ni kí wọ́n fi wọn ìyípadà. Òun náà gbà pé ebi ló ba ti Faransé jẹ́.)

Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn. Owó orí wúwo, ọ̀nà oko bàjẹ́, akódà àti wolé-wolé ò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Orin ẹnu wọn ni pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà làwọn ó san. Ọ̀kẹ́ kan ni ẹgbàá mẹ́wàá owó ẹyọ, tí wọ́n ń kà sí ṣílè 5. Mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ ṣílè 30. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́, òun náà ni wọ́n fi ń ná ọjà pẹ̀lú ìjọba ológun! Orúkọ wọn sì ni Àgbẹ́kọ̀yà: wọn ò pe ara wọn ní ọlọ́tẹ̀, ìyà ni wọ́n kọ̀. Ní 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n kó èèyàn wọn jáde. Ọdún náà ni wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rògbòdìyàn owó orí. Nígbẹ̀yìn, Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfà Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀ náà, ní Àkànrán, ìjọba sì dín owó orí kù.

Mo rò pé mo ti parí, ni bàbá kan bá nawọ́ lẹ́yìn. "Ẹ ti ka owó tán, olùkọ́. Ṣé ẹ ka òkú?" Wọ́n ní ọmọdé làwọn lọ́dún náà. Bàbá àwọn gbé àdá kọ́ ara ògiri, ó lọ sí Mápó, kò padà. Ẹ̀gbọ́n àwọn ló wá ń san owó orí tó wálẹ̀.

Mo bi wọ́n, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lójú tiyín, ṣé ó yẹ kí wọ́n lọ?"

Wọ́n ní ó yẹ. Wọ́n fẹ́ jókòó, wọ́n tún dìde. Wọ́n ní ìyá àwọn ò sọ tirẹ̀ títí tó fi kú, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú àdá yẹn kúrò lára ògiri.