Owó Ibodè, Àbùkù àti Ìbò: Ohun tó Ṣẹlẹ̀ ní Kánádà Lọ́dún 2025

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọn tí kò ráyè wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ló ní kí n kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀. Mo ti gé e kúrú díẹ̀, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní tàrífù lóde òní, àwọn baba wa mọ̀ ọ́n dunjú: owó ibodè ni. Oníbodè á jókòó sẹ́nu odi, ẹni tó bá ru ẹrù wọ̀lú á sanwó kó tó kọjá. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó ru ẹrù wọlé ló ń sanwó, kì í ṣe ẹni tó tà á fún un níbi tó ti ń bọ̀. Bí Amẹ́ríkà bá bu 25% lé irin Kánádà, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ra irin náà ló máa san án fún aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Ó lè bẹ ẹni tó tà á fún un pé kó dín owó kù, ó sì lè gbé e lé oníbàárà lórí, àmọ́ àpò tirẹ̀ ni owó náà ti kọ́kọ́ jáde. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ti ń ṣìnà, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ìlú mìíràn bá bu owó ibodè lé ọjà ìlú kan, àbùkù tó bá a rìn ni aráàlú kọ́kọ́ máa ń gbọ́. Ti owó ń bọ̀ lẹ́yìn. Olórí tó bá tètè mọ èyí lè fi wọlé ìbò, ṣùgbọ́n ti owó kò ní ṣàì dé, òun náà ló sì máa dáhùn fún un.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ta ni ì bá gbà pé ẹgbẹ́ Liberal ṣì lè wọlé ní Kánádà? Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án tí Justin Trudeau, olóòtú ìjọba tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ náà, ti wà lórí àlééfà. Ilé wọ́n, oúnjẹ wọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti sú àwọn èèyàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ó kéde pé òun máa gbé ipò sílẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí èrò aráàlú, ẹgbẹ́ Conservative tí Pierre Poilievre ń darí fi ìdá tó lé ní 20 nínú 100 ṣáájú.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí àṣẹ pé kí wọ́n máa gba 25% lórí ọjà Kánádà, 10% lórí epo rẹ̀. Ní ọjọ́ 3, ó dá a dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ó yọ ọjà tó bá wà lábẹ́ àdéhùn òwò tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò jọ ní. Ní ọjọ́ 12, 25% balẹ̀ sórí irin àti alumíníọ̀mù. Nígbà tó di oṣù kẹfà, ó di 50%. Gbé e síbí, gbé e sọ́hùn-ún.

Tó bá jẹ́ owó nìkan ni, mo gbà pé Kánádà ì bá jókòó dúnàádúrà bó ṣe máa ń ṣe. Àmọ́ Trump ń sọ pé kí Kánádà wá di ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta Amẹ́ríkà, ó sì ń pe olóòtú ìjọba wọn ní “Gómìnà”. Ẹyin lohùn. Èyí tó fọ́ yẹn, ó ta sí gbogbo ilé.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àṣẹ àkọ́kọ́ yẹn, ìdíje họ́kì orí yìnyín ń lọ ní Ottawa. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìyìn Amẹ́ríkà, àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í hó yèè láti fi kọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ “ẹ jọ̀ọ́” àti “ẹ má bínú” nìyẹn o. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, àwọn òṣìṣẹ́ LCBO, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ta ọtí ní ẹkùn Ontario ní Kánádà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọtí Amẹ́ríkà kúrò lórí pẹpẹ, ìgò kan tẹ̀lé òmíràn, títí pẹpẹ fi ṣófo.

Nínú ọjà, àwọn oníbàárà dojú agolo dé láti ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Ọ̀rọ̀ kékeré méjì ló di nǹkan ńlá: ọjà tí kì í ṣe oúnjẹ kò lè pe ara rẹ̀ ní “Product of Canada” àfi tí 98% owó tí wọ́n fi ṣe é bá jẹ́ ti ilẹ̀ Kánádà, fún “Made in Canada”, 51% ti tó, tó bá jẹ́ Kánádà ni wọ́n ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró níwájú pẹpẹ tó ń ka èyí kì í ṣírò owó, ẹ̀yin ará. Ìgbà mìíràn ọjà tó wọ́n jù ló máa mú. Ó ń sọ ẹni tí òun jẹ́ ni.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Lọ́dún 1911, Wilfrid Laurier, olóòtú ìjọba Kánádà nígbà yẹn, bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé kí àwọn méjèèjì dín owó ibodè kù. Èrè wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀ Kánádà. Ṣùgbọ́n aṣòfin Amẹ́ríkà kan, Champ Clark, dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní òun ń retí ọjọ́ tí àsíá Amẹ́ríkà máa fẹ́ lórí gbogbo ilẹ̀ yẹn títí dé ìpẹ̀kun àríwá. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, Laurier pàdánù ìbò, Robert Borden sì gorí àlééfà. Ẹ rí i pé dídín ni wọ́n fẹ́ dín owó ibodè lọ́tẹ̀ yẹn, síbẹ̀ aráàlú kọ̀ ọ́. Ìtàn yìí ló jẹ́ kó dá mi lójú pé àpò nìkan kọ́ ni aráàlú fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ibodè.

Mark Carney, tó rọ́pò Trudeau gẹ́gẹ́ bí olórí ẹgbẹ́ Liberal àti olóòtú ìjọba ní oṣù kẹta, kò du ipò òṣèlú kankan rí kó tó di 2025. Gómìnà báǹkì àpapọ̀ Kánádà ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, kó tó lọ ṣe ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. “Gbé ìgúnwọ́ sókè” ni igbe tí àwọn èèyàn ń ké nígbà yẹn, bí ẹni tó ń gbá họ́kì ṣe ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ kọ lù ú, òun náà sì gba igbe náà. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ẹgbẹ́ Liberal gba ìjókòó 169 nínú 343. Poilievre pàdánù àga tirẹ̀ ní Carleton, níbi tó ti ń ṣojú fún ohun tó lé lógún ọdún.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká bu èyí tó wù wá sọ. Ìbò tí ẹgbẹ́ Conservative ní lé ní 41%, ó pọ̀ ju ti 2021 lọ. Àwọn tí owó ilé ń ni lára kò gbàgbé ìnira wọn nítorí ọ̀rọ̀ Trump.

Ní Amẹ́ríkà ńkọ́? Àpò ló kọ́kọ́ ké níbẹ̀, torí olórí tiwọn ló bu owó náà lé wọn. Ẹ fojú inú wo oníṣòwò kékeré kan tó pàṣẹ nǹkan ìṣeré ọmọdé tó tó 10,000 dọ́là láti Ṣáínà nínú oṣù kẹta, nígbà tí àfikún tuntun jẹ́ 20%. Ó ti ṣírò 2,000 dọ́là fún aṣọ́bodè. Bí wọn kò bá gbé kọ̀nténà rẹ̀ sínú ọkọ̀ títí di ọjọ́ 10 oṣù kẹrin, àfikún ti di 145%: 14,500 dọ́là, ó ju owó ọjà gan-an lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, Amẹ́ríkà àti Ṣáínà fẹnu kò ní Geneva pé kó wálẹ̀ sí 30%. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ kọ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀? Ní tèmi, yíyí tí ń yí yìí burú ju bó ṣe ga lọ. Ní oṣù kọkànlá, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Democrat wọlé ìbò gómìnà ní Virginia àti New Jersey, níbi tí ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n gógó ti gba ẹnu gbogbo èèyàn, Trump yọ àfikún owó ibodè tó bù lé ọjà ilẹ̀ òkèèrè kúrò lórí kọfí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹran màlúù.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wá dìde, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe pé Carney tan àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ ni? Ìgúnwọ́ tó gbé sókè, ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.”

Mo ní ohun tó ń tọ́ka sí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní òpin oṣù kẹfà, Carney fagi lé owó orí tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ìdúnàádúrà lè tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ó yọ ọ̀pọ̀ nínú owó ibodè tí Kánádà fi gbẹ̀san. Síbẹ̀ Trump dá ìpàdé dúró ní oṣù kẹwàá nítorí ìpolówó tí Ontario fi ohùn Ronald Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà àtijọ́ tó bẹnu àtẹ́ lu owó ibodè, ṣe, Carney sì tọrọ àforíjì. Bí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà tí Kánádà tà sókèèrè lọ́dún 2024 bá lọ sí Amẹ́ríkà, tí àwọn òṣìṣẹ́ irin ní Hamilton àti Sault Ste. Marie sì ń dúró de bóyá iṣẹ́ máa ṣẹ́ kù, mi ò lè pe ìyẹn ní ẹ̀tàn. Ohun tí mo dá a lẹ́bi fún ni pé kò sọ ọ́ fún wọn ṣáájú ìbò pé ọjọ́ àforíjì lè dé.

Ó tún bi mí bóyá àwọn aráàlú náà ti rọ̀. Mo sọ fún un pé àwọn ẹkùn Alberta àti Saskatchewan ti dá ọtí Amẹ́ríkà padà sórí pẹpẹ láti oṣù kẹfà. Ní Ontario, ọdún 2025 parí, pẹpẹ LCBO kò sì tíì rí ìgò ọtí Amẹ́ríkà kan.