Agbègbè Ìdìbò Èkó: Ìbò Mẹ́ta Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Láti 1923 títí wọ 1951, agbègbè ìdìbò kan ṣoṣo ni Èkó. Ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ará Olówógbowó, orúkọ kan náà ni wọ́n ń dìbò fún. Èyí ló fà á tí ẹgbẹ́ kan fi ń kó gbogbo ìjókòó lọ.

Òfin tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀ ní 1922 ló dá a sílẹ̀. Nínú ọmọ Ìgbìmọ̀ Aṣòfin 46, mẹ́rin péré ni ìlú dìbò yàn: mẹ́ta láti Èkó, ọ̀kan láti Kàlàbá. Kí o tó lè dìbò, o ní láti jẹ́ ọkùnrin tó ti pé ọdún 21, tó ti gbé ìlú náà fún oṣù 12, tí £100 sì wọlé fún lọ́dún tó kọjá. Ẹ pín £100 yẹn sí oṣù 12: pọ́n-ùn mẹ́jọ, ṣílè mẹ́fà àti kọ́bọ̀ mẹ́jọ lóṣù. Ọ̀pọ̀ ará Èkó ò rí i rárá. Àwọn obìnrin ọjà tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn ló ń ti ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, ìyẹn Demo (Nigerian National Democratic Party), lẹ́yìn, síbẹ̀ wọn ò ní ìbò kankan.

Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìbò mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká ní ẹgbẹ̀rún èèyàn dìbò: 550 fẹ́ Demo, 450 kò fẹ́ ẹ. Bí àwọn 550 bá dì í fún ọmọ Demo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, oníkálukú wọn ní 550. Àwọn tó ń bá wọn du ipò ní 450. Mẹ́ta sí òdo! Àwọn 450 yẹn ò ní aṣojú kankan. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kí ẹgbẹ́ fa ẹni mẹ́rin kalẹ̀, tàbí kí olùdìbò fi ìbò kẹta ṣe àna rẹ̀ tó wà lódìkejì lóore. Bí ìbò bá ti fọ́n ká, ẹni kẹta á já sílẹ̀.

Demo mọ èyí dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án 1923, Egerton Shyngle, Eric Moore àti C. C. Adeniyi-Jones wọlé. Macaulay fúnra rẹ̀ ò lè dupò, torí ilé-ẹjọ́ ti dá a lẹ́bi rí. Wọ́n tún kó o ní 1928 àti 1933. Ní 1938, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn. Ní 1947, lẹ́yìn tí wọ́n dín owó tó gbọ́dọ̀ wọlé fún olùdìbò lọ́dún kù sí £50, Azikiwe, Adélékè Adédoyin àti Olorun-Nimbe wọlé lórúkọ Demo àti NCNC, ẹgbẹ́ Azikiwe.

1951 ló dùn mí jù nínú ìtàn yìí. Wọ́n ti pa Èkó pọ̀ mọ́ ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, ìjókòó Èkó nílé aṣòfin ẹkùn náà ní Ìbàdàn di márùn-ún, NCNC sì kó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé aṣòfin Ìbàdàn, tí ẹgbẹ́ Action Group, alátakò NCNC, pọ̀ jù níbẹ̀, ni yóò mú méjì nínú àwọn márùn-ún náà lọ sí ilé aṣòfin àpapọ̀. Adédoyin àti Olorun-Nimbe ni wọ́n mú. Azikiwe, tí ará Èkó dìbò fún, jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí olórí alátakò.

Ní 1954 Èkó kúrò lábẹ́ Ìwọ̀ Oòrùn, ó di ti ìjọba àpapọ̀. Nígbà ìdìbò 1959, wọ́n ti pín in sí mẹ́ta, olùdìbò kọ̀ọ̀kan sì ní ìbò kan.