Ìjàpá Tí Tápẹ́ẹ̀tì Ẹ̀ Dákẹ́: Bí A Ṣe Ń Wá Ohun Tó Ń Ṣe Ẹ́ńjìnnì Volkswagen Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o. Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe jáde lẹ́nu mi níbi ìpàdé àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má bínú tó bá gùn. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí gbogbo ọkọ̀ ayé ọjọ́un, mo ní ó tì o, Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen kékeré yẹn, nìkan ni mo máa sọ, torí òun ló pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, òun náà sì ni àwọn mẹkáníìkì ìwòyí ń dà rú jù. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó níbí, àwọn ará Mexico ṣì ń ṣe é títí di 2003, èyí tí wọ́n ṣe káyé lápapọ̀ lé ní mílíọ̀nù 21, ẹ ò wá lè sọ pé ọkọ̀ tó pọ̀ tó báyẹn, àṣírí ẹ̀ ò tíì tú.

Àṣírí ẹ̀ náà ò ju pé kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ló máa ń gbẹ̀yìn nínú ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò. Tọ́kọ̀ bá ti ń jáàkì, tí ò ní sílòó, ìyẹn tí ò lè máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ìdúró, tí ò lè gun òkè, kabúrétọ̀ lọmọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ fà yọ. Á tú u, á fepo fọ̀ ọ́, á fẹnu fẹ́ jẹ́ẹ̀tì, á dè é padà, á wá máa yí sìkúrú sọ́tùn-ún sósì títí ẹ́ńjìnnì á fi dún bí ẹni pé ó ti gbádùn, ẹ̀yin náà á sanwó, ó di ọ̀la kẹ́ ẹ tún padà wá. Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo kékeré tó wà lẹ́nu irin tó ń ti fáfù ṣí, lẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn ẹ̀ kọ́ńtáàtì, lẹ́yìn ẹ̀ táímìn, ìyẹn àkókò tí púlọ́ọ̀gì ń tanná, kẹ́ ẹ tó wá fọwọ́ kan kabúrétọ̀. Kì í ṣe pé mo kàn tò ó bẹ́ẹ̀ o. Kọ́ńtáàtì inú dìsìtíríbútọ̀, èyí tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì, ní ẹsẹ̀ kékeré kan tó ń fara ra káàmù, tó bá ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀, àlàfo ẹnu ẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ 0.4 mm á máa dín kù, táímìn náà á sì máa pẹ́ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá wá tún táímìn ṣe kó tó tún kọ́ńtáàtì ṣe, iṣẹ́ méjì ló máa ṣe.

Èyí tí ò bá fẹ́ sítáàtì rárá kì í ṣòro. Ẹ yọ fíítà afẹ́fẹ́, ẹ fojú wo inú ọ̀fun kabúrétọ̀, ẹ fọwọ́ fa lẹ́fà àsẹlirétọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí epo tó tú pììì wọlé, epo wà nínú ẹ̀ nìyẹn, iná lẹ máa lọ wá. Tí ò bá sí, ẹ tẹ̀ lé róbà epo dé pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ sì wo róbà yẹn dáadáa, tó bá ti le tó ti sán, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó jóná, ibẹ̀ niná ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ń gbówó ńlá lọ́wọ́ èèyàn lèyí tó ṣì ń rìn àmọ́ tí agbára ẹ̀ ti dín kù. Ẹ dúró lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ kọjú síwájú. Lọ́wọ́ ọ̀tún, sìlíńdà tó jìnnà sí yín ni 1, tó sún mọ́ yín ni 2. Lọ́wọ́ òsì, tó jìnnà ni 3, tó sún mọ́ ni 4. Ẹ jẹ́ kẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní sílòó, ẹ fi àkísà gbígbẹ tó nípọn fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa dá a padà. Èyí tẹ́ ẹ fà yọ tóhùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Èyí tẹ́ ẹ fà tí nǹkan kan ò yí padà, òun lẹ ń wá. Ẹ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ pẹ̀lú ti sìlíńdà mìíì, tí àìsàn ò bá bá púlọ́ọ̀gì lọ, ẹ pa ọkọ̀, ẹ lọ sùn. Òótọ́ ni mo ń sọ, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó yẹ tápẹ́ẹ̀tì wò.

Láàárọ̀, ẹ fi súpánà 30 yí púlì ìsàlẹ̀ títí rótọ̀ tó ń yí nínú dìsìtíríbútọ̀ á fi kọjú sí àmì tó wà létí dìsìtíríbútọ̀, nọ́ńbà 1 ló wà lókè yẹn. Ẹ fi sìkúrú-díráífà yẹ wáyà tó di kọ́fà tápẹ́ẹ̀tì mú kúrò, bíléèdì 0.15 mm tá a fi ń wọn àlàfo gbọ́dọ̀ wọlé kó máa fà díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yọ ọ́. Ẹ yí púlì padà sẹ́yìn ní ìdajì ìyípo, ó di 2, lẹ́yìn ẹ̀ 3, lẹ́yìn ẹ̀ 4. Nọ́ńbà 3 lẹ ti sábà máa bá a pé bíléèdì ò wọlé rárá lójú fáfù èéfín, kì í pẹ́ táṣìírí ẹ̀ á fi hàn.

Kí ló dé tó jẹ́ 3? Inú ilé fáànù ni wọ́n gbé ọ́ìlì kúlà, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára, sí, lókè ibẹ̀ gan-an, ó sì ń dí atẹ́gùn tó yẹ kó lọ tu sìlíńdà yẹn lára, àwọn Jámánì fúnra wọn mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé e kúrò lójú ọ̀nà atẹ́gùn nínú mọ́dẹ́ẹ̀lì 1971. Ìgbà tí fáfù bá pa dé ló tó ń fi ooru ara ẹ̀ lé orí ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́, tí àlàfo bá ti tán, kì í pa dé mọ́, á máa jóná létí. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ yín ti ń jìyà, ẹ ó máa yọ̀ pé ẹ́ńjìnnì mi ò pariwo. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń dún ṣẹkẹṣẹkẹ díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre, ariwo lásán ni. Èyí tó bá dákẹ́ lójijì ni kẹ́ ẹ sá fún, torí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ tún un ṣe, ẹ wà á díẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò padà, tó bá jẹ́ fáfù yẹn nìkan lá tún ti há, a jẹ́ pé ó ń gùn ni, ẹ sọ orí ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí fáfù yẹn tó já bọ́ sórí písítìn.

Ọ̀rọ̀ iná pupa dáínámò tó wà níwájú awakọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Fáńbẹ́ẹ̀tì tó ń yí dáínámò náà ló ń yí fáànù tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, tíná pupa bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ má sọ pé ẹ máa gba ọ̀dọ̀ rewáyà lọ́la, ẹ dúró, ẹ pa á, ẹ wo bẹ́ẹ̀tì.

Bàbá kan bi mí níparí pé, “Tèmi, mo ti pa kọ́kọ́rọ́, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì, kí ló ń ṣe é?” Mo ní, bàbá, ẹ má bínú, ta ló tún kabúrétọ̀ yín ṣe kẹ́yìn? Ohun kékeré kan wà lára kabúrétọ̀ tó ní wáyà, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti ti ọ̀nà epo sílòó pa téèyàn bá ti pa kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, ẹ yọ wáyà ẹ̀ kẹ́ ẹ tún fi kàn án, ẹ máa gbọ́ ‘kẹ́’. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́, ó ti kú nìyẹn, tàbí kẹ́nì kan ti yọ inú ẹ̀ dànù kó lè rí sílòó. Ó tún lè jẹ́ pé wọ́n gbé sílòó ga jù tàbí pé ẹ́ńjìnnì gbóná jù. Kẹ́ ẹ tó rí òmíì rà, tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ fi sí gíà 4, kẹ́ ẹ ju kíláàtì sílẹ̀, á kú.