Ọ̀nà Tí Ẹranko Ń Tọ̀ Dé Ilé Tuntun

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ dá lórí ẹranko igbó tí ó kúrò ní ibi tí a bí i sí, tí ó ń wá ibòmíràn tí yóò máa gbé láìséwu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí igbó bá ti wà níwájú, wàhálà irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ti tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín igbó tí ó fi sílẹ̀ àti igbó tí ó ń lọ, ọ̀nà kan wà níbẹ̀, orí ọ̀nà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kú sí.

Kí ló ń lé ẹranko kúrò nílé? Nígbà mìíràn, ọjọ́ orí ni. Bí akọ ọmọ kìnnìún bá ti pé nǹkan bí ọdún 2 sí 3, àwọn akọ àgbà inú agbo á bẹ̀rẹ̀ sí í lé e títí yóò fi lọ. Ó le lójú wa, ṣùgbọ́n bí gbogbo ọmọ bá jókòó ti ìyá wọn, oúnjẹ kò ní kárí, ìbátan á sì máa gun ìbátan. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilé náà ni ó bàjẹ́: iná jó igbó, ọ̀dá gbẹ odò, tàbí kí àwọn ènìyàn gé igi kí wọ́n lè dáko síbẹ̀. Ooru ayé tí ó ń pọ̀ sí i náà kò gbẹ́yìn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2011, tí ó kó àkọsílẹ̀ nípa onírúurú ẹranko àti ewéko jọ, rí i pé wọ́n ń sún kúrò níbi tí ó gbóná lọ síbi tí ó tutù ní ìwọ̀n kìlómítà 16.9 láàárín ọdún 10, àti pé wọ́n ń gun òkè lọ ní ìwọ̀n mítà 11 láàárín iye ọdún kan náà.

Ẹ má ṣe rò pé ìrìn ìrànkiri lásán ni wíwá ilé. Ẹ wo kòkòrò oyin. Nígbà tí ilé wọn bá kún, ìyá oyin àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á jáde, wọ́n á sì ṣù mọ́ ẹ̀ka igi bí irùngbọ̀n arúgbó. Láti inú ìṣù yẹn ni ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú àwọn tí ó ti dàgbà á ti fò lọ wá ihò igi. Bí ọ̀kan bá rí ihò, á wọ inú òkùnkùn rẹ̀, á máa rìn lára ògiri rẹ̀ yípo kí ó lè mọ bí ó ti fẹ̀ tó, á jáde wo ìta, á tún wọlé. Àyè tí yóò gba nǹkan bí lítà 40 ni ó ń wá, tí ẹnu rẹ̀ kéré, tí ó sì ga kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ó bá pa dà sórí ìṣù, á bẹ̀rẹ̀ ijó, ijó náà ni yóò sì fi sọ ìhà tí ibẹ̀ wà àti bí ó ti jìnnà tó. Èyí tí ó rí ibi tí ó dára jù ni ijó rẹ̀ máa ń pẹ́ jù, àwọn yòókù á sì lọ yẹ ibẹ̀ wò fúnra wọn, títí tí ẹnu wọn yóò fi kò, tí gbogbo wọn yóò sì gbéra lẹ́ẹ̀kan náà.

Oyin ní ìyẹ́, kò sì sí ògiri lójú òfuurufú. Àwọn tí ó ń fẹsẹ̀ rìn ni ọ̀ràn kàn.

Ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ sí ìkookò kan lọ́rùn, wọ́n sì pè é ní OR-7. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ó fi agbo rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí oṣù Kejìlá sì ń parí lọ, ó ti kọjá sí California, níbi tí wọn kò ti rí ẹ̀rí ìkookò kankan nínú igbó láti ọdún 1924. Ó wá aya kiri títí ó fi pa dà sí Oregon, ibẹ̀ ni ó ti rí abo kan, wọ́n sì bímọ ní ọdún 2014. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ilẹ̀ yìnyín kan pẹ̀lú rin ìrìn jíjìn. Abo ni, kò tíì dàgbà púpọ̀ nígbà tí ó gbéra ní erékùṣù Svalbard ní oṣù Kẹta ọdún 2018, tí ó rin kìlómítà 3,506 lórí òkun tí ó ti dì àti lórí yìnyín Greenland, tí ó sì wọ ilẹ̀ Kánádà láàárín ọjọ́ 76. Yìnyín ni afárá rẹ̀. Bí yìnyín orí òkun sì ti ń dín kù lọ́dọọdún yìí, afárá náà ni ó ń wó díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ P-22 ni ó ká mi lára jù. Púmà ni, ìbátan ológbò tí ó tóbi bí àmọ̀tẹ́kùn. Kí akọ yìí tó dé ọgbà Griffith Park, ní àárín ìlú Los Angeles, ó ní láti dá òpópónà márosẹ̀ méjì kọjá, 405 àti 101, tí ọkọ̀ kì í dá lórí wọn tọ̀sán-tòru. Kámẹ́rà ni ó kọ́kọ́ yà á níbẹ̀ ní ọdún 2012. Ó rí àgbọ̀nrín pa jẹ, ó rí ihò sùn sí. Ṣùgbọ́n ọgbà náà kéré. Ilẹ̀ tí akọ púmà máa ń fẹ́ ju ìlọ́po 10 irú rẹ̀ lọ, abo kankan kò sì sí níbẹ̀. Ọdún 10 ni ó fi dá gbé, àwọn òpópónà kan náà tí ó dá kọjá kò jẹ́ kí aya wá bá a. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ó ti darúgbó, àìsàn ń bá a jà, ọkọ̀ sì ti gbá a. Àwọn dókítà ẹranko fún un ní abẹ́rẹ́ kí ó lè kú láìjẹ̀rora. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ afárá ńlá kan lórí 101, afárá tí wọn yóò da erùpẹ̀ sí, tí wọn yóò sì gbin igi sí, fún ẹranko nìkan.

Nígbà tí kò bá sí ọ̀nà, àárín ìlú ni ẹranko ńlá yóò gbà. Ní ọdún 2020, agbo erin kan kúrò nínú igbó Xishuangbanna ní Ṣáínà, igbó tí oko rọ́bà àti oko tíì ti gé sí wẹ́wẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn 15 ti dé ẹ̀bá ìlú Kunming, ibi tí ó ju 500 kìlómítà lọ sí ilé wọn. Ẹ wo àwòrán yìí tí dúróònù yà láti òkè: gbogbo wọn fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ewéko tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń sùn, ọmọ kékeré há sáàárín àwọn ìyá. Ìjọba kó àwọn ènìyàn tí ó lé ní 150,000 kúrò lójú ọ̀nà wọn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù dí ẹnu ọ̀nà ìlú, wọ́n sì pèsè oúnjẹ tí ó tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 180 láti fi tàn wọ́n gba ibòmíràn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, agbo náà gba orí afárá kan kọjá odò Yuanjiang, wọ́n kọrí sí gúúsù, sí ìhà ilé.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú gbé wọn lọ síbi tí ó dára. A máa ń ṣe é. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, láàárín ọdún 2016 sí 2017, wọ́n kó nǹkan bí 500 erin láti ọgbà ẹranko Liwonde àti Majete lọ sí ọgbà Nkhotakota. Láti inú hẹlikópítà ni wọ́n ti ń yin abẹ́rẹ́ oorun lù wọ́n. Bí erin bá ti ṣubú, ẹnì kan á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹnu ọwọ́jà rẹ̀ kí ó lè máa mí, ẹ̀rọ á fi ẹsẹ̀ gbé e sókè, á sì gbé e sínú ọkọ̀. Ìdílé kan pọ̀ ni wọ́n ń kó, wọn kì í ya ìyá kúrò lára ọmọ, mo sì gbà pé ohun tí ó mú kí iṣẹ́ náà yọrí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní Sri Lanka, nígbà tí wọ́n ń dá akọ erin kọ̀ọ̀kan gbé láti ibi tí ó ti ń da oko láàmú lọ sínú ọgbà, ọ̀pọ̀ wọn kò dúró. Àwọn kan fẹsẹ̀ rìn pa dà sílé, àwọn mìíràn sì sọ ara wọn di alárìnkiri láàárín àwọn abúlé tí wọn kò mọ̀ rí.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀nà tí ẹranko lè fúnra rẹ̀ rìn sàn ju gbígbé lọ, níbikíbi tí ó bá ti ṣeé ṣe. Ní ọgbà Banff ní Kánádà, wọ́n ṣe afárá 6 sókè òpópónà ńlá tí ó gba inú ọgbà náà kọjá, wọ́n sì la ọ̀nà 38 gba abẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọgbà wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìjàǹbá láàárín ọkọ̀ àti ẹranko ti fi ohun tí ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ó ṣẹlẹ̀ o. Àgbọ̀nrín tètè gbà á, ṣùgbọ́n béárì ńlá tí wọ́n ń pè ní grizzly fura sí afárá náà fún nǹkan bí ọdún 5. Nígbà tí ó yá, àwọn abo bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, tí ọkọ̀ ń sáré lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.